Owó Bá Ọmọ Lọ, Ẹ̀tọ́ Kù Lẹ́yìn: Ìtàn Fáúṣà Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Àwọn Ọmọ Tí Ó Ní Ìpèníjà ní Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 3, oṣù karùn-ún, ọdún 2025, Gómìnà Greg Abbott ti ìpínlẹ̀ Texas ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà bu ọwọ́ lu òfin kan tí ó ya bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún àwọn òbí tí ó bá fẹ́ fi ọmọ wọn sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ọmọ tí kò ní ìpèníjà kankan yóò gba nǹkan bí 10,000 dọ́là lọ́dún. Ọmọ tí ó bá ní ìpèníjà, ìbáà jẹ́ ti ojú, ti etí, ti ẹsẹ̀ tàbí ti ọpọlọ, lè gba tó 30,000 dọ́là. Ìlú Houston wà ní Texas, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó sì fi Houston ṣe ilé. Ẹni tí ó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú wọn yóò ti gbọ́ ìròyìn yìí, yóò tilẹ̀ ti ṣírò 30,000 dọ́là sí náírà, nítorí pé bí àwa ti rí nìyẹn.

Owó náà kì í ṣe irọ́, n kò sì jókòó láti bu ẹnu àtẹ́ lu òbí tí ó bá gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí òbí bá gba irú owó yìí, owó a bá ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí òfin àpapọ̀ ti fún ọmọ náà láti ọdún 1975 kì í bá a lọ. Ọ̀pọ̀ òbí ni kì í mọ èyí títí ọ̀rọ̀ yóò fi bẹ́yìn yọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé lónìí.

Kí ọdún 1975 tó dé, òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lágbára láti dá ọmọ tí ó ní ìpèníjà padà sílé. Ní Pennsylvania, bí òye ọmọ kò bá tí ì tó ti ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí ó yẹ kí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní, ilé-ẹ̀kọ́ lè kọ̀ ọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1971, ẹgbẹ́ àwọn òbí tí ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbé ìjọba ìpínlẹ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ àpapọ̀. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba Pennsylvania ti gbà níwájú àwọn adájọ́ pé kò sí ọmọ tí kò lè kọ́ nǹkan kan, àti pé òun kò ní lé ọmọ kankan mọ́ láìjẹ́ pé òun pe òbí rẹ̀ kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Ẹjọ́ kejì ni ó wọ̀ mí lára jù, ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Mills, tí ó wáyé ní Washington, olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà. Ọmọ méje ni wọ́n fi orúkọ wọn pe ẹjọ́ náà. Gbogbo àwọn méjèèje jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ti lé àwọn kan nínú wọn nítorí pé olùkọ́ ní ìwà wọn le, wọ́n sì ti lé àwọn mìíràn nítorí pé ọpọlọ wọn kò yá tó ti ẹgbẹ́ wọn. Ìwé ẹjọ́ náà fi hàn pé nínú nǹkan bí 22,000 ọmọ tí ó ní ìpèníjà ní ìlú náà, ó ṣeé ṣe kí ó tó 18,000 tí kò rí ẹ̀kọ́ tí ó bá ipò wọn mu gbà. Nígbà tí adájọ́ bi àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ léèrè, wọn kò jiyàn pé àwọn jẹ gbèsè ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ náà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé owó kò sí, àti pé bí àwọn bá ná an lórí àwọn ọmọ wọ̀nyí, àfi kí àwọn yọ ọ́ lára ti àwọn ọmọ yòókù.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1972, Adájọ́ Joseph Waddy dá wọn lóhùn. Ó ní bí owó kò bá tó láti ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ, ẹ pín èyí tí ó wà nílẹ̀ lọ́nà tí kò fi ní sí ọmọ tí yóò pàdánù pátápátá. Àìtó owó kò gbọdọ̀ wúwo lórí ọmọ tí ó ní ìpèníjà ju bí ó ti wúwo lórí ọmọ tí kò ní in lọ. Bí Yorùbá bá gbọ́ irú ìdájọ́ yìí, wọn yóò ní àgbà kan wà lọ́jà tí kò jẹ́ kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn adájọ́ yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò tún padà sórí ọ̀rọ̀ owó.

Ibi tí àwọn agbẹjọ́rò ti mú ọgbọ́n wọn nínú ẹjọ́ méjèèjì ni ìdájọ́ Brown ti ọdún 1954, èyí tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi sọ pé ó lòdì sí ìwé òfin láti ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ funfun ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Bí a kò bá lè lé ọmọ nítorí àwọ̀ rẹ̀, báwo ni a ṣe lè lé e nítorí pé etí rẹ̀ kò gbọ́ràn?

Àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí ni ó ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ dé ibi tí wọ́n fi ṣe òfin. Nínú ìwádìí tiwọn, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí ó ní ìpèníjà ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ, pé ó ju ìdajì wọn lọ tí kò rí ẹ̀kọ́ tí ó yẹ wọ́n, àti pé mílíọ̀nù kan ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ti ti ilẹ̀kùn mọ́ pátápátá. Ààrẹ Gerald Ford bu ọwọ́ lu òfin náà ní ọjọ́ 29, oṣù kọkànlá, ọdún 1975. Ní ọdún 1990 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí nísinsìnyí, IDEA.

Ohun tí òfin náà ṣe kò lọ́jú pọ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀. Ó ní gbogbo ọmọ tí ó ní ìpèníjà gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bá ipò rẹ̀ mu. Ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú òbí, kí wọ́n jọ kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ fún ọmọ náà nìkan, èyí tí wọ́n ń fi lẹ́tà mẹ́ta pè ní IEP. Inú ìwé yìí ni wọn yóò ti sọ bóyá ọmọ nílò ẹni tí yóò máa kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, tàbí ẹni tí yóò máa fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ fún adití, tàbí ọkọ̀ tí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ̀. Bí òbí kò bá fara mọ́ ọn, ó lè pe ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́jọ́ níwájú ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Nígbà tí ẹjọ́ bá sì ń lọ lọ́wọ́, wọn kò gbọdọ̀ ṣí ọmọ náà nípò.

Òfin náà ní àléébù kan, ẹni tí ó bu ọwọ́ lù ú sì rí i. Ford sọ nígbà náà pé ìlérí inú rẹ̀ ju ohun tí ìjọba àpapọ̀ lè mú ṣẹ lọ. Ìlérí náà ni pé ìjọba àpapọ̀ yóò máa san owó tí ó tó ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n ń ná lórí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Amẹ́ríkà, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó ní ìpèníjà. Wọn kò san án dé ibẹ̀ rí. Yàtọ̀ sí ọdún 2009 tí owó pàjáwìrì wọlé nítorí ọrọ̀-ajé tí ó dẹnu kọlẹ̀, ohun tí wọ́n ń san kì í tó ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìyókù. Òfin ní kí wọ́n ṣe é, owó kò tẹ̀lé òfin. Níbẹ̀ ni ìjà àárín ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti òbí ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ilé-ẹ̀kọ́ tí àpò rẹ̀ gbẹ yóò máa wá ọ̀nà láti kọ ohun tí ó kéré jù sínú IEP.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ díẹ̀, kí a lọ wo ibi tí fáúṣà ti wá, nítorí pé ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni ó gbà dé.

Fáúṣà ni ìwé tí ìjọba fi ń sọ fún òbí pé, gba ìpín ọmọ rẹ nínú owó ẹ̀kọ́, kí o san án sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá wù ọ́. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan, Milton Friedman, ni ó gbé èrò náà jáde nínú àròkọ kan ní ọdún 1955. Ní tirẹ̀, ó yẹ kí ìjọba máa san owó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ìjọba fúnra rẹ̀ máa kọ́ni. Ọdún kan péré lẹ́yìn ìdájọ́ Brown nìyẹn, àwọn aláwọ̀ funfun ní gúúsù Amẹ́ríkà kò sì jẹ́ kí irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Ní agbègbè Prince Edward ní ìpínlẹ̀ Virginia, àwọn aláṣẹ yàn ní ọdún 1959 láti ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba pa ju kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ dúdú jókòó pẹ̀lú ọmọ funfun. Àwọn ọmọ funfun lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí wọ́n dá sílẹ̀ fún wọn, owó ìrànwọ́ ìjọba sì ń bá wọn san án. Ọmọ dúdú kò ní ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún márùn-ún gbáko, títí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi dá sí i ní 1964. Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn fáúṣà lónìí ni ó ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Ní Milwaukee, níbi tí fáúṣà ìgbàlódé ti bẹ̀rẹ̀ ní 1990, àwọn òbí aláwọ̀ dúdú tí kò rí já jẹ wà lára àwọn tí ó jà fún un jù. Mo kàn ń sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìbéèrè kan ti wà lára fáúṣà: bí owó ìjọba bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ṣé òfin ìjọba yóò bá a wọlé?

Ní ti àwọn ọmọ tí ó ní ìpèníjà, ó yẹ kí a mọ̀ pé ilẹ̀kùn méjì ni ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ yìí kò lè yé e.

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ wà nínú òfin 1975 fúnra rẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò bá lè fún ọmọ ní ẹ̀kọ́ tí ó yẹ ẹ́, ó gbọ́dọ̀ rán an lọ sí ibi tí wọ́n ti lè fún un, kí ó sì san gbogbo owó rẹ̀. Ní ọdún 1985, nínú ẹjọ́ kan tí ó wá láti ìlú Burlington ní Massachusetts, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi kún un pé òbí tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba já kulẹ̀ lè mú ọmọ rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, kí ó sì wá gba owó rẹ̀ padà bí ó bá jàre. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Endrew F., èyí tí ó dá lórí ọmọ kan ní ìpínlẹ̀ Colorado tí ó ní autism, gbogbo àwọn adájọ́ náà fi ẹnu kò pé kò tó kí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ ní ìtẹ̀síwájú bíńtín. Ètò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí yóò mú un tẹ̀ síwájú bí ipò rẹ̀ ti gbà á láyè. Àwọn òbí ọmọ náà ti mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Lẹ́yìn ìdájọ́ náà, ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn san mílíọ̀nù kan ó lé díẹ̀ dọ́là láti fi parí ẹjọ́. Ẹni tí ó bá gba ilẹ̀kùn yìí wọlé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣinṣin. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹjọ́ ni, ẹjọ́ a sì máa jẹ owó, a máa jẹ ọdún. Òbí tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn, tí ó ń wa Uber ní ọjọ́ Sátidé, kò ní àyè láti pe ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́jọ́ fún ọdún mẹ́fà.

Ilẹ̀kùn kejì ni fáúṣà. Òun kò bèèrè ẹjọ́. Fọ́ọ̀mù lásán ni.

Florida ni ó kọ́kọ́ ṣí i fún àwọn ọmọ wọ̀nyí. Sẹ́nétọ̀ John McKay, tí ó di olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ìpínlẹ̀ náà lẹ́yìn ìgbà náà, ní ọmọbìnrin kan tí ẹ̀kọ́ kíkọ́ ṣòro fún, ó sì mọ ohun tí ojú irú òbí bẹ́ẹ̀ ń rí. Ní 1999 wọ́n dán ètò náà wò ní agbègbè Sarasota, kí ó tó kárí ìpínlẹ̀ náà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ètò náà. Ìjọba yóò wo iye tí òun ìbá ná lórí ọmọ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, yóò wo iye tí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ń gbà, èyí tí ó bá kéré nínú méjèèjì ni yóò san. Bí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá ju ti fáúṣà lọ, òbí ni yóò fi kún un. Nígbà tí yóò fi tó ogún ọdún, nǹkan bí 30,000 akẹ́kọ̀ọ́ ni ó wà nínú ètò náà. Ohio tẹ̀lé e ní 2003 pẹ̀lú ètò fún àwọn ọmọ tí ó ní autism, Utah ní 2005, Georgia ní 2007.

Àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ìyẹn pamọ́. Nínú ìwádìí tí Manhattan Institute gbé jáde ní 2003, òbí 92.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn fi owó McKay san tẹ́ àwọn lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n nípa ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí wọ́n ti kúrò, 32.7 péré ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Alátìlẹ́yìn fáúṣà ni Manhattan Institute, òbí tí nǹkan tẹ́ lọ́rùn ni kì í sì kúrò níbi tí ó wà. Síbẹ̀, àlàfo inú iye méjèèjì náà ju ohun tí a lè fi ẹ̀tanú nìkan ṣàlàyé lọ.

Ṣùgbọ́n ìjọba Florida kò bèèrè pé kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń gba owó yìí tẹ̀lé IEP ọmọ. Kò bèèrè pé kí olùkọ́ ibẹ̀ ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ìpínlẹ̀. Ní 2011, ìwé ìròyìn Miami New Times tú àṣírí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó ń gba owó McKay nígbà tí ohun tí ó ń lọ nínú wọn kò jọ ẹ̀kọ́ rárá, nínú ilé ìtajà àti yàrá ṣọ́ọ̀ṣì, tí ojú ìjọba kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tó ibẹ̀. Òbí tí ó bá bá ara rẹ̀ ní irú ibẹ̀ lè kó ọmọ rẹ̀ jáde. Ìyẹn nìkan ni ohun ìjà tí fáúṣà fún un.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Lójú òfin IDEA, ọmọ tí òbí fi fáúṣà mú lọ dà bí ọmọ tí òbí rẹ̀ kàn fínnúfíndọ̀ fi sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bá ipò rẹ̀ mu. Ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ ya ìpín kékeré kan nínú owó àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún gbogbo àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lápapọ̀, kí ó sì bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni jíròrò lórí bí wọn yóò ṣe ná an, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan tí ó lè nà án ní ìka pé apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ tòun. Ìpàdé IEP ti tán. Ẹjọ́ níwájú ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn ti tán. Òfin pé kí ọmọ dúró sí àyè rẹ̀ títí ẹjọ́ yóò fi parí ti tán pẹ̀lú. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni lè lé e ní ọ̀la nítorí pé ìwà rẹ̀ le, ìyẹn ẹ̀sùn kan náà tí wọ́n fi lé àwọn ọmọ Washington nínú ẹjọ́ Mills.

Ṣé àwọn òbí mọ̀? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, àjọ GAO, tí ó ń bá Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yẹ ìnáwó ìjọba wò, gbé ìwádìí jáde. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nínú ètò fáúṣà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ó ní ìpèníjà ní ọdún ẹ̀kọ́ 2016 sí 2017, 83 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó wà nínú ètò tí kò sọ ohunkóhun fún òbí nípa ẹ̀tọ́ IDEA tí yóò yí padà, tàbí tí ó sọ ohun tí kò tọ̀nà. GAO gba àwọn aṣòfin nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi òfin dè é pé àwọn ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sọ òtítọ́ yìí fún òbí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yẹn kan náà, nígbà tí Betsy DeVos jókòó níwájú àwọn sẹ́nétọ̀ kí wọ́n lè fi í ṣe Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́, Tim Kaine bi í léèrè bóyá ó yẹ kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá gba owó ìjọba tẹ̀lé IDEA. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ ni. Virginia ni Kaine ń ṣojú fún, ìpínlẹ̀ tí Prince Edward wà nínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún pé kí a fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀.

Ní ti fáúṣà gbogboogbò, tí kì í ṣe ti àwọn ọmọ tí ó ní ìpèníjà nìkan, àríyànjiyàn ibẹ̀ ni bóyá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà tilẹ̀ ń gbà wọ́n. Ní Milwaukee, àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Wisconsin sọ ní 2011 pé 1.6 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ fáúṣà ni ó ní ìpèníjà, nígbà tí ti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Arkansas fèsì pé iye tòótọ́ wà láàárín 7.5 sí 14.6, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kì í sábà fi orúkọ ìpèníjà pe ọmọ. Ó ṣeé ṣe kí òtítọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gba iye tí ó ga jù nínú tiwọn, kò tí ì dọ́gba síbẹ̀.

Arizona ni ó wá yí ìtàn náà padà. Ní 2009, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ìpínlẹ̀ náà fagi lé fáúṣà méjì, ọ̀kan fún àwọn ọmọ tí ó ní ìpèníjà, èkejì fún àwọn ọmọ tí ìjọba fi sọ́dọ̀ alágbàtọ́, nítorí pé ìwé òfin Arizona kò gbà kí owó ìjọba wọ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tààrà. Àwọn aṣòfin ronú, wọ́n sì rí ọgbọ́n dá. Ní 2011 wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Owó yóò wọ àpò náà, òbí ni yóò sì máa ná an, sí owó ilé-ẹ̀kọ́, sí olùkọ́ àdáni, sí ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Nígbà tí wọ́n tún pè wọ́n lẹ́jọ́, ìjọba jàre ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 2013. Àwọn ọmọ tí ó ní ìpèníjà nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ fi àpò yìí fún. Ta ni yóò dìde sọ pé òun lòdì sí i? Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi irú àwọn ọmọ mìíràn kún un díẹ̀díẹ̀. Ní 2018, nígbà tí wọ́n gbé e lọ síwájú àwọn olùdìbò pé kí ó kárí gbogbo ọmọ, nǹkan bí 65 nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ní 2022, àwọn aṣòfin pẹ̀lú Gómìnà Doug Ducey ṣe é bí ó ti wù wọ́n. Láàárín ọdún méjì, iye ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀ gòkè láti nǹkan bí 12,000 dé ohun tí ó ju 70,000 lọ. Àwọn tí wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn kò tó ìdá mẹ́rin kan nínú wọn mọ́.

N kò rò pé àwọn òbí tí ó kọ́kọ́ gbà á ní 2011 mọ̀ pé ọmọ àwọn ni wọ́n fi ń la ọ̀nà fún ẹlòmíràn. Àwọn wá ìwòsàn fún ẹ̀fọ́rí tiwọn ni. Florida náà ti rin ọ̀nà kan náà: wọ́n pa ètò McKay pọ̀ mọ́ ètò mìíràn nípa òfin ọdún 2021, wọ́n sì ṣí fáúṣà sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ ní 2023.

Èyí mú wa padà sí Texas. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí òbí ní Houston dúró sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nítorí ẹ̀tọ́ IDEA gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn lórí ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Texas ṣe láti 2004. Ní ọdún náà, àjọ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà fi òdiwọ̀n kan lélẹ̀ pé àwọn ọmọ tí ó ń gba ẹ̀kọ́ àkànṣe kò yẹ kí ó ju 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nígbà tí ti gbogbo Amẹ́ríkà tó 13. Agbègbè tí ó bá kọjá rẹ̀ yóò máa rí ojú ìjọba lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kéde rẹ̀ fún òbí. Ilé-ẹ̀kọ́ kàn ń sọ fún wọn pé kò sí nǹkan tí ó ṣe ọmọ yín, yóò bọ̀ sípò, ẹ mú sùúrù. Ó gbà tó ọdún méjìlá kí ìwé ìròyìn Houston Chronicle tó tú u sí gbangba ní 2016. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Texas ti rú òfin IDEA. Ọmọ tí wọ́n kọ̀ láti yẹ̀ wò ní ọmọ ọdún mẹ́fà ní 2004 ti di ẹni ogún ọdún nígbà náà. Ẹ̀tọ́ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó kàn án.

Nítorí náà, bí òbí kan bá sọ pé òun yóò kúkú gba 30,000 dọ́là, n kò lè pè é ní òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó mọ ohun mẹ́ta kan. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Texas kò ní ọ̀ranyàn láti gba ọmọ rẹ̀, òfin tuntun náà kò sì yí ìlànà ìgbàwọlé wọn padà. IEP ni wọ́n máa fi mọ iye tí ọmọ náà yẹ fún, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, àwọn kan náà tí òdiwọ̀n 8.5 wà lọ́wọ́ wọn lánàá, ni ó sì ń kọ IEP. Ohun kẹta ni pé ọ̀nà àbọ̀ ṣì wà. Ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni bá lé lè padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àdúgbò rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, òfin 1975 yóò sì pàdé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Wọn yóò pe òbí rẹ̀ sí ìpàdé, wọn yóò jọ kọ ìwé mìíràn. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba yẹn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò gba fáúṣà ṣì wà níbẹ̀, lára àwọn ọmọ tí ó ju mílíọ̀nù méje lọ tí ó wà lábẹ́ IDEA káàkiri Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń dúró de ìdá ogójì tí wọ́n ṣe ìlérí rẹ̀ fún wọn ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.